Georg Ohm, Tíṣà Tí Wọn Ò Kọ́kọ́ Gbà Gbọ́

Láti ìgbà tí tíṣà Físíìsì wa ti gbé sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya sákíìtì iná sórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, orúkọ kan wà tí kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Kí èèyàn ṣáà ti fa rẹsítọ̀ kan wá sójú kọ̀ǹpútà, ohm mélòó ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Àwọn kan nínú kíláàsì wa rò pé ohm kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni, bíi mítà tàbí lítà. Wọn ò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Tíṣà sẹ́kọ́ńdírì ni, irú àwọn tó ń kọ́ wa yìí gan-an, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀sán, tó wá ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ohun tó rí kò ju ìlà kan lọ nínú ìwé wa lónìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ẹni tó rí i jẹ́.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1789 ni wọ́n bí Georg Simon Ohm ní ìlú Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì. Bàbá rẹ̀, Johann Wolfgang Ohm, kì í ṣe olówó, kò sì lọ yunifásítì. Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ló ń rọ tà. Ìyá rẹ̀, Maria Elizabeth, jẹ́ ọmọ télọ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló dàgbà: Georg, Martin àbúrò rẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Barbara. Georg jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá wọn kú.

Bó bá jẹ́ èmi ni, bàbá yìí gan-an ni mi ò bá kọ ìtàn rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ó sì wá ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì nílé. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí Georg lọ láti ọmọ ọdún 11 títí dé 15 ò fi bẹ́ẹ̀ ka sáyẹ́ǹsì sí, nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì ìlú náà, Karl Christian von Langsdorf, rí àwọn ọmọ yìí, ó fi wọ́n wé àwọn Bernoulli, ìdílé kan tó jẹ́ pé ìṣirò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oríkì wọn. Martin náà ò sì dójú ti bàbá rẹ̀, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Berlin.

Georg wọ Yunifásítì Erlangen ní ọdún 1805. Kí ló kó sí? Ijó jíjó ni, yíyọ̀ lórí yìnyín ni, bílíádì ni. Ẹ̀yin tí òbí yín máa ń pariwo mọ́ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Bàbá rẹ̀ bínú gan-an, nítorí àǹfààní tí òun ò ní ni ọmọ òun ń fi ṣeré. Lẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́ mẹ́ta, Georg kúrò níbẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí Swítsálándì ní ọdún 1806 láti lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà yẹn. Ẹ ronú sí i, SS3 ló yẹ kí irú rẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ wa, òun ló wá di tíṣà. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò fúnra rẹ̀. Ó padà sí Erlangen ní ọdún 1811, ó sì gboyè dókítà ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Oyè wà, owó ò sí. Ó kọ́ni ní yunifásítì fún sáà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń san ò tó jẹun. Ní ọdún 1813 ó gba iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bamberg, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láárí. Inú rẹ̀ ò dùn níbẹ̀ rárá. Ó wá kọ ìwé kan lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní jiọ́mẹ́tírì, ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọba Prussia, Frederick William Kẹta. Tíṣà kan lásán ló fi ìwé ránṣẹ́ sí ọba o! Ìwé náà sì wu ọba, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1817 wọ́n fún un ní iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Jesuit ní ìlú Köln. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ní yàrá físíìsì tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ irin láti kékeré, rí ibi tó fẹ́ wà.

Ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ò ṣòro láti sọ: bí wáyà bá ń gùn sí i, báwo ni iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe ń dín kù sí? Lójú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú méjì ni. Wàá fa bátìrì wá, wàá fa wáyà, wàá fi ammeter sí ojú ọ̀nà iná, ó parí. Ṣùgbọ́n ní àsìkò Ohm, kò sí ammeter, kò sí voltmeter. Kò tiẹ̀ sí ohun tí à ń pè ní ohm tàbí volt tí èèyàn lè fi ka nǹkan. Ohun tó wà ni pé, ní ọdún 1820, Ørsted ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ti rí i pé bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, abẹ́rẹ́ òòfà tó wà nítòsí yóò yí. Ohm di èyí mú. Ó so abẹ́rẹ́ òòfà kọ́ sókè wáyà, ohun tó sì fi so ó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí iná bá kọjá, abẹ́rẹ́ á yí. Ohm á wá lọ́ irin náà láti òkè títí abẹ́rẹ́ yóò fi padà sí àyè rẹ̀. Iye tó lọ́ ọ ni yóò kọ sílẹ̀. Ìyẹn ni ammeter tirẹ̀.

Bátìrì ló dà á láàmú. Bátìrì tí Volta ṣe ní ọdún 1800 ni gbogbo ayé ń lò, bátìrì yẹn sì máa ń rẹ̀ kíákíá. Bí èèyàn bá fi wáyà kan wọn iná tán, tó bá fi máa mú wáyà kejì, agbára bátìrì ti yàtọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá wáyà ló dín iná kù ni, tàbí bátìrì ló ti rẹ̀? Ní ọdún 1825 Ohm tẹ àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, fọ́múlà tó kọ síbẹ̀ ò sì tọ̀nà. Nígbà náà ni Poggendorff, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn físíìsì kan ní Jámánì, gbà á níyànjú pé kó fi bátìrì yẹn sílẹ̀, kó lo ohun tí Seebeck rí ní ọdún 1821. Seebeck rí i pé bí wọ́n bá so irin méjì tí kò jọra pọ̀ ní ojú méjì, tí ojú kan gbóná tí èkejì sì tutù, iná yóò máa ṣàn.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí. Ohm so bismuth mọ́ bàbà. Ó ki ojú kan bọ inú omi híhó, ó ki ojú kejì bọ inú yìnyín. Omi tó ń hó kì í gbóná kọjá ìwọ̀n rẹ̀, yìnyín tó ń yọ́ náà kì í kúrò ní tirẹ̀. Nítorí náà, agbára tó ń ti iná lọ ò ní yí padà láàárọ̀, kò ní yí padà lálẹ́. Ó wá mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí ìnípọn wọn dọ́gba, èyí tó kúrú jù jẹ́ íńṣì 2, èyí tó gùn jù jẹ́ íńṣì 130, ó sì ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kínní ọdún 1826 ló ṣe é, nígbà òtútù, nítorí náà, mi ò rò pé yìnyín ni ìṣòro rẹ̀.

Ohun tó jáde ni fọ́múlà kan tó kúrú: X = a/(b + x). X ni iná tó ń ṣàn. a ni agbára tó ń tì í. x ni gígùn wáyà tó ń dán wò. Ẹ wá wo b yẹn dáadáa, òun ni ọ̀pọ̀ wa ò kà sí. Ó dúró fún ìdènà tó ti wà nínú ìyókù sákíìtì kí wọ́n tó fi wáyà kankan sí i rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe èyí lórí PhET, torí ó ní ibi tí wọ́n ti ń yí ìdènà inú bátìrì padà. Ẹ mú bátìrì volt 9, kí ẹ fún un ní ìdènà ohm 1 nínú. Ẹ fi rẹsítọ̀ ohm 2 sí i: 9 pín sí 3, iná ampere 3 ni yóò ṣàn. Ẹ wá sọ rẹsítọ̀ náà di ìlọ́po méjì, ohm 4. Púpọ̀ nínú wa á sọ pé iná á dín kù sí ìdajì, ampere 1.5. Rárá o. 9 pín sí 5 ni, ampere 1.8. Bí ẹ bá yí ìdènà inú bátìrì sí òdo, nígbà náà nìkan ni ìlọ́po méjì ìdènà yóò fún yín ní ìdajì iná. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé b wà níbẹ̀, tó ń wo ìwọ̀n inú ìwé rẹ̀, ó lè rò pé kò sí òfin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohm ò rò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní kíláàsì wa ń sọ pé géèmù lásán ni sọ́fítíwíà yìí, pé WAEC ò ní gbé kọ̀ǹpútà síwájú wa nínú práktíkàlì. Lóòótọ́ ni. Bátìrì orí kọ̀ǹpútà kì í rẹ̀ àyàfi bí èèyàn bá sọ fún un pé kó rẹ̀, wáyà rẹ̀ kì í dípẹtà, bí ẹ bá sì so sákíìtì tí iná ò ní ìdènà kankan lójú ọ̀nà, bátìrì á kàn gbiná lójú kọ̀ǹpútà, ilé ò ní jó. Ṣùgbọ́n yàrá físíìsì wa ní ammeter tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mélòó? Lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta tó ń jókòó ti ọ̀kan, gbogbo wọn lè ya tiwọn kí aago tó lù, bí wọn ò bá mú iná lọ. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ ya á níbẹ̀, kí a sọ iye tí a retí, kí a tó wá fọwọ́ kan wáyà gidi. Ẹni tó bá ti mọ iye tó yẹ kó rí, òun ló máa tètè mọ̀ pé ẹnu bátìrì ò kan wáyà dáadáa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ohm. Ó tọrọ àyè ọdún kan lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ìdajì owó oṣù ni wọ́n ń san. Ó lọ sí Berlin, níbi tí Martin wà, ó sì kọ ìwé tó jáde ní ọdún 1827. Àkọlé rẹ̀ ni Die galvanische Kette, mathematisch bearbeitet, ìyẹn ni pé sákíìtì iná bátìrì tí wọ́n fi ìṣirò yẹ̀ wò. Ìwé yìí ló gbójú lé. Ó rò pé bó bá jáde, yunifásítì kan yóò pè é wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó lè sinmi lọ́wọ́ kíkọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdírì.

Kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì ní Jámánì nígbà yẹn ò fẹ́ kí wọ́n fi ìṣirò tó pọ̀ dá wọn lójú rú. Wọ́n gbà pé kí èèyàn wo nǹkan, kó sì fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ ló dára. Ọ̀gbẹ́ni Pohl ní Berlin bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà kíkankíkan, bí ẹni pé inú orí Ohm nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ohun tó dùn mí ni pé ìwọ̀n tó wọ̀n wà, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1826, ṣùgbọ́n ìṣirò ló gbé síwájú nínú ìwé náà. Kí àwọn tó bá ń gbèjà rẹ̀ má bínú sí mi: ó yẹ kó to wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Tíṣà wa náà máa ń sọ ọ́ pé kí a gbé tábìlì ìwọ̀n síwájú kí a tó ya gíráàfù.

Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ Köln sílẹ̀ ní ọdún 1828. Ẹni ọdún 39, kò ní ìyàwó, kò ní ipò. Fún bí ọdún márùn-ún, iṣẹ́ ìṣirò díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe ní Berlin láti fi gbọ́ bùkátà. Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ní ibí yìí, ẹni tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì. Ní ọdún 1833 ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọwọ́ ní Nuremberg gbà á, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n sí i. Kì í ṣe yunifásítì tó ń wá, àmọ́ ó sàn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn mìíràn ti ń dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò láìpariwo. Fechner ní Leipzig wọ̀n ọ́n, ó bá a mu. Lenz ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà lò ó. Ní Faransé, Pouillet ṣe tirẹ̀, òun náà rí ohun kan náà ní ọdún 1837. Ìgbà tó di ọdún 1841, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, fún un ní ẹ̀yẹ Copley, ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí wọ́n ní. Ọdún 14 lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jáde! Ẹ̀yìn ìgbà tí òkèèrè ti yẹ́ ẹ sí ni ilé wá rí i. Ní ọdún 1849 ó dé Munich, nígbà tó sì di ọdún 1852, Yunifásítì Munich sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì pátápátá. Ẹni ọdún 63 ni. Ọdún méjì péré ló jẹ́ ẹ. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1854, kò sì gbé ìyàwó rí.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un kí n má bàa gbàgbé. Ohm kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí òfin náà. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Cavendish, ti rí i ṣáájú kí wọ́n tó bí Ohm. Ohun tó fi ń wọn iná ni ara rẹ̀: ó ń jẹ́ kí iná gbé òun, ó sì ń fi bó ṣe dùn ún tó díwọ̀n. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o.) Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kú ní ọdún 1810, ọdún 1879 ni Maxwell tó tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá rí nǹkan tí kò kọ ọ́ jáde, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò fi pè é.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti Gustav Kirchhoff, nítorí pé òfin Ohm nìkan ò lè yanjú sákíìtì tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Ọdún 1845 ni ó tẹ òfin méjì rẹ̀ jáde ní Königsberg, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní sọ pé iye iná tó bá dé oríta kan ló gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Èkejì sọ pé bí a bá rìn yí ojú ọ̀nà iná kan po títí a fi padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ volt tí a gùn àti èyí tí a sọ̀ jẹ́ òdo. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì pé kó bẹ̀rẹ̀: ó ń kọ òfin Kirchhoff fún oríta kọ̀ọ̀kan tí ẹ yà, ó ń fi òfin Ohm sí ara rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yanjú gbogbo ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló kọ SPICE, èyí tí ọ̀pọ̀ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ti wá: Laurence Nagel ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, Donald Pederson, ní ọdún 1973. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé sákíìtì yín ò pé, ẹ má bú u. Oríta kan wà tí ẹ ò so mọ́ ibì kankan, ìṣirò ò sì lè kọjá níbẹ̀.

Ní ọdún 1881, àwọn onímọ̀ iná láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ ní Páríìsì láti fẹnu kò lórí orúkọ tí gbogbo ayé yóò máa fi ka nǹkan. Volt gba orúkọ Volta, ampere gba orúkọ Ampère ará Faransé, ìdènà sì gba orúkọ tíṣà Köln. Létà Gíríìkì Ω ni wọ́n ń lò fún un, torí bí èèyàn bá kọ O lẹ́gbẹ̀ẹ́ 10, ẹlòmíràn lè kà á sí 100. Ohm ti wà nínú ilẹ̀ ní Munich fún ọdún 27 nígbà yẹn.